Bí fóònù bá ní iná ti kú, ṣé wáyà náà ti kú?

Súìsì tó ń gba àṣẹ lórí Wi-Fi ti ń wọ àwọn ilé wa ní Abẹ́òkúta díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé onílé lè jókòó sí pálọ̀ kó máa fi fóònù tan iná ìta tàbí kó pa fáànù yàrá. Mi ò bá ohun èlò náà jà rárá. Ìgbàgbọ́ kan tó bá a wọlé ni mo fẹ́ tako, èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu onílé àti lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná kan pàápàá: pé bí ojú fóònù bá ti kọ OFF, kò sí iná mọ́ lójú wáyà, èèyàn sì lè gun àpótí lọ pààrọ̀ gílóòbù tàbí kó tú súìsì náà wò. Irọ́ ni, ó sì lè pa èèyàn.

Àṣẹ tí a pa ni fóònù ń fi hàn, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wáyà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, àṣẹ náà á gba ọ̀dọ̀ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi nínú ilé, dé inú súìsì náà, níbi tí rílè, ohun kékeré tó ń já iná tàbí tó ń so ó pọ̀, ti máa dún kó, tí irin méjì inú rẹ̀ á sì yà kúrò lára ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin náà yà lóòótọ́. Wọ́n dà bí ọ̀gá tó rán ọmọọṣẹ́ níṣẹ́ tí kò dúró gbọ́ èsì. Bí iná tó pọ̀ jù bá ti jó irin méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, fóònù á máa kọ OFF, iná á sì máa kọjá lọ ní tirẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní rílè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, wáyà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń já. Wáyà méjì ló ń bọ́ gílóòbù: láìfù tó ń gbé iná bíi 230 fóòtì wá, àti niútírà tó ń dá a padà. Láìfù ló yẹ kí rílè já. Nínú ilé tí wọ́n fi wáyà àtijọ́ ṣe, pupa ni láìfù, dúdú ni niútírà. Nínú ti ìsinsìnyí, búráùn ni láìfù, búlúù ni niútírà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, torí oníṣẹ́ tó ń kánjú lè fi wáyà tó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ parí iṣẹ́. Ní ilé kan ní Ìbarà, mo yọ gílóòbù tí fóònù ti pa, mo sì fi tẹ́sítà kan àwọn irin inú họ́dà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mú kí tẹ́sítà tàn yòò. Niútírà ni ẹni tó so ẹ̀rọ náà mú gba inú rílè. Gílóòbù ti kú, họ́dà rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Irú súìsì yìí kan tún wà tí wọ́n ń tà fún ilé tí niútírà kò dé ojú súìsì. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa mu iná díẹ̀ kó tó lè máa gbọ́ Wi-Fi, inú gílóòbù ló sì ń gbà mu ún, kódà nígbà tí a bá ti pa á. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù LED fi máa ń tàn bàìbàì tàbí kó máa ṣẹ́jú lóru, láìsí pé àjẹ́ kankan lọ́wọ́ sí i.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í sùn. Nínú rẹ̀, apá tó ń lo fóòtì 3.3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá tí iná ńlá ń gbà, àwọn kan kò sì ní ohunkóhun tó yà méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó máa ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn láti yí ètò inú rẹ̀ padà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná ilé pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé súìsì ara ògiri, ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Tiwa yìí, bàbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkó, ọmọ tó ń fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣeré, tàbí àkókò tí a ti ṣètò pé kí iná ìta máa tàn ní aago méje alẹ́, èyíkéyìí nínú wọn lè tan iná sí ẹni tó di wáyà mú lọ́wọ́. Bí NEPA bá sì mú iná lọ tó tún dá a padà, àwọn ẹ̀rọ kan á tàn fúnra wọn, àfi tí a bá ti ṣètò pé kí wọ́n wà ní pípa.

Nítorí náà, brẹ́kà tó ń bọ́ wáyà náà ni ká lọ pa. Bí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ bá wà nínú ilé, ká pa tiwọn náà, torí pé iná NEPA lọ kò ní kí ínfátà má gbé tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, ká fi tẹ́sítà dán sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ pé ó ní iná wò, ká tó fi kan wáyà tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, ká sì tún padà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, kó má lọ jẹ́ pé tẹ́sítà ló kú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Àwọn kan á rí 10A, ìyẹn ámpù mẹ́wàá, lára rílè, wọ́n á ṣírò pé ó tó 2,300 wáàtì, wọ́n á sì so pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin kan (1 HP) mọ́ ọn nítorí pé bíi ámpù márùn-ún ló ń jẹ. Òótọ́ ni, bó bá ti ń sáré. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún sí méje ìyẹn fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń jó irin rílè lẹ̀. Kí rílè kékeré náà máa pàṣẹ fún kọ́ńtátọ̀, ìyẹn rílè ńlá tí wọ́n ṣe fún iná tó pọ̀, nìkan, kí kọ́ńtátọ̀ tó tóbi tó, tó ní brẹ́kà tirẹ̀, máa gbé iná pọ́ǹpù.