Owó Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Kì Í Ṣe Owó Àtíbàbà

Ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi ti kéde pé owó ìrànwọ́ kékeré tí wọ́n ń fún àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ọ̀dọ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yóò wọ inú ètò ìrónilágbára tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ọdún tó parí. Ìpinnu náà kò dára, kí wọ́n yí i padà. A kò dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀hún níhìn-ín, nítorí pé àwọn tó kù, láti Yàgbà títí dé Ìjùmú, ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí kí àwọn náà tó mọ ohun tí wọn yóò fi owó tiwọn ṣe, ohun tí a sì fẹ́ sọ kan gbogbo wọn.

Ohun tí ìpinnu yìí túmọ̀ sí ni pé owó tó yẹ kó bọ́ sí àpò ẹgbẹ́ yóò di alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta tí wọn yóò máa pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtíbàbà, pẹ̀lú ayàwòrán lọ́tùn-ún lósì, tí wọn yóò sì ti kọ orúkọ alága gàdàgbà sára ohun gbogbo. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò owó ẹgbẹ́ kalẹ̀ ni a ti sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn yìí, a sì tún un sọ nígbà tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, pé kí owó máa bọ́ sínú àkáǹtì ẹgbẹ́ tààrà, kí wọ́n sì lẹ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ tó gbà á, iye tí wọ́n gbà àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, mọ́ ara ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Wọ́n san owó sínú àkáǹtì fún ìgbà díẹ̀. Wọn kò lẹ orúkọ kankan mọ́ ògiri rí títí di òní, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ráyè fi ìkéde kan ṣoṣo pa ètò náà rẹ́, láìsí ẹni tó lè fi ìka tọ́ka sí ẹgbẹ́ tó pàdánù àti ohun tó pàdánù.

A kò bínú sí obìnrin tó bá gba ẹ̀rọ ìránṣọ. Yóò fi jẹun, yóò sì fi tọ́ ọmọ, bí kò bá tà á kí oṣù tó yí po, nítorí a máa ń rí àwọn alùpùpù tí orúkọ olóṣèlú ṣì wà lára wọn ní ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Owó tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ a máa di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbé lọ sí ilé ara rẹ̀: afárá kékeré tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń gbà kọjá nígbà òjò, rọ́bà tuntun nínú pọ́ǹpù omi tó ti dákẹ́, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń múra ìdánwò JAMB, níbi tí àgùnbánirọ̀ kan ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Bùnú àti Yàgbà, àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò jù ara lọ ló fi àdá àti ọkọ́ là wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí owó ìrànwọ́ fi kún un ni sìmẹ́ńtì, páìpù àti epo, àwọn ohun tí òógùn ojú nìkan kò lè rà.

Akọ̀ròyìn wa rí ìwé ìṣirò owó ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lásán ni, tí wọ́n fi rúlà là sí òpó mẹ́rin: ọjọ́, ohun tí wọ́n rà, orúkọ ẹni tó rà á, àti àyè tí akápò ń fọwọ́ sí. Wọ́n kọ owó ọkọ̀ ẹni tó lọ ra páìpù ní Kábbà sílẹ̀ ní àlọ, wọ́n sì kọ ti àbọ̀ sọ́tọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti kọ owó omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n fún ẹni tó wá tún pọ́ǹpù ṣe. Ẹlòmíràn fi bírò pupa fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kí akọ̀wé san án láti àpò ara rẹ̀. Àwọn rìsíìtì wà láàárín ìwé náà, wọ́n fi òwú dì wọ́n. Bí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan bá wà ní gbogbo ilẹ̀ Òkun tó lè gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú àwọn ará ìlú, kí ó gbé e wá, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé kìíní láìgba kọ́bọ̀.

Ìdí tí ẹni tó gbẹnu sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ náà fi sílẹ̀ ni pé owó ọ̀hún kéré débi pé kò hàn. Ta ni kò hàn sí? Ó hàn sí ìyá tó ń lọ pọn omi ní odò ní ìdájí kí wọ́n tó tún pọ́ǹpù àdúgbò rẹ̀ ṣe. Ó hàn sí ọmọ tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní logarithm ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí kò ti sí olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí kò hàn ni orúkọ alága, nítorí pé kò sí ibi tí ènìyàn ń kọ orúkọ alága sí lára rọ́bà inú pọ́ǹpù. Ọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wu ayàwòrán kí ó tó wúlò fún ará ìlú ti sú wa, ó sì ti pẹ́ tó ti sú wa.

Wọ́n tún sọ pé àwọn ẹgbẹ́ náà kò lè jíhìn. Ó yẹ kí ojú ti ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ètò CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó fún, ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí, ohun tó sì gbé e dúró ni pé ìlú fúnra rẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ tó fẹ́, tó ń dá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, yálà ní owó tàbí ní iṣẹ́ ọwọ́, tó ń ṣí àkáǹtì tirẹ̀, tó ń ra ohun èlò fúnra rẹ̀, tó sì ń jíhìn ìpín àkọ́kọ́ kí wọ́n tó san èyí tó kàn. Àgbẹ̀, tíṣà àti obìnrin ọjà ló ń jókòó sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí tí ọ̀dọ́ tó jáde ní yunifásítì kò fi ní lè ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ohun tó burú jù nínú ìkéde náà wà ní ìparí rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà dé. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jẹ àǹfààní ní ọjọ́ iwájú gbọ́dọ̀ mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, wá, alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CAMA, òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, ti là á sílẹ̀ gbọ́dọ̀ yan àwọn alágbàtọ́jú, kí ó kọ òfin ẹgbẹ́, kí ó sì polówó èrò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni a ń ṣe, a mọ iye tí wọ́n ń gbà fún ìpolówó. Owó ìpolówó méjèèjì náà lè gbé odidi owó ìrànwọ́ mì. Fún owó tó kéré tó báyìí, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti àkáǹtì tí ènìyàn mẹ́ta ń fọwọ́ sí tó. Ní ti ìfọwọ́sí alága ẹgbẹ́ òṣèlú, a kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀: kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Owó gbogbo ará ìlú ni, kì í ṣe owó ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Ọ̀rọ̀ àsìkò náà wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa tí kajú ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ti ń fi owó yìí gbin ọmọ kajú sínú ọ̀rá kí wọ́n lè pín in fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ oko. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbin kóró sínú ọ̀rá, ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ gbìn sí oko. Owó tó bá dé ní oṣù Kẹwàá kò wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, kí olùṣírò owó ìjọba ìbílẹ̀ sì wá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò tíì ná an. Bákan náà ni kíláàsì JAMB: kí ló fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìdánwò? Ẹni tó bá mọ̀ pé ìparí ọdún ni ètò ìrónilágbára ń bọ́ sí yóò mọ̀ pé a kò lè kó iṣẹ́ wọ̀nyí wọ inú rẹ̀, kódà bí gbogbo owó náà bá pé láìdín kọ́bọ̀.

Àwáwí pé owó kò dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò sì yẹ kó tún jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Bí gómìnà tàbí ẹlòmíràn bá ṣì ń dí i lọ́nà, kí alága jáde sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Bí wọn kò bá sì dí i, kí ló dé tó fi jẹ́ pé owó tó kéré jù nínú ìwé ìnáwó ni wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí?

Àwọn ẹgbẹ́ náà ní àbùkù tiwọn. Àwọn kan ti fi owó iṣẹ́ ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ọdún Kérésìmesì, a sì mọ̀ wọ́n. Kí ìjọba ìbílẹ̀ yọ orúkọ wọn, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sára ògiri kan náà tí a ń béèrè fún.

Ní ọ̀rọ̀ ògiri yìí, a kò ní dúró de inú rere ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé àkọsílẹ̀ nípa àwọn ìwé ìbéèrè fún owó ìrànwọ́ síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 sì ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìwé wa yóò dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Òkun, kì í ṣe ti èyí tó ṣe ìkéde nìkan. A ó béèrè orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó gba owó láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ọjọ́ tí wọ́n san án àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti fèsì, ìtanràn ₦500,000 sì wà fún ẹni tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi pé ó kọ̀ láìtọ́. A ó tẹ èsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá fọ̀ bó ṣe rí, a ó sì tẹ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá fèsì, nítorí nígbà náà kò ní sí ìdí kankan mọ́ tí a ó fi fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́.