Ẹ kọ góòlù àwọn ọmọbìnrin wa sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá a wọlé

Ìyá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ta àǹkárá. Kó tó di aláṣọ, agbábọ́ọ̀lù ni, iwájú ló sì máa ń gbá, láàárín ọdún 1990 sí ọdún 2000. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì tó ń ká aṣọ lé, ó sì fa ìwé kan yọ, ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń lò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá ló wà níbẹ̀: ọjọ́, ìlú, ẹgbẹ́ tí wọ́n kojú, iye tó gbá wọlé. Bíírò búlúù ló fi kọ èyí tí wọ́n gbá nílé, pupa ló fi kọ ti ìrìn-àjò. Òjò ti pa ojú-ewé méjì, ohun tó wà níbẹ̀ ti di àbàwọ́n lásán. Ojú-ewé méjì yẹn ló ń fi ìka tọ́ jù, tó ń ka ohun tó wà níbẹ̀ fún wa láti orí.

A mú ohun tó kọ lọ sí ọ́fíìsì kan tó yẹ kí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, a ní kí wọ́n bá wa fi wé tiwọn. Wọn ò ní tiwọn. Wọ́n ní ìwé àwọn ọdún yẹn sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti ilé kan sí òmíràn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí ọmọbìnrin kan fi ẹsẹ̀ àti òógùn rẹ̀ ṣe, abẹ́ tábìlì aláṣọ nìkan ló kù sí.

Ohun tó mú wa kọ ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn. Èrò wa kò pé méjì: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ obìnrin tó bá wáyé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ti líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ pípé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè rí i kà. Èyí tó ti kọjá, ẹ jẹ́ kí á kó o jọ nígbà tí àwọn tó gbá a ṣì wà láyé.

Kì í ṣe àlejò ni ilẹ̀ wa jẹ́ nínú bọ́ọ̀lù obìnrin. Ìkẹ́nẹ́ ni ilé Remo Stars Ladies. Pápá Ìkẹ́nẹ́ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ mẹ́fà ti wá forí gbárí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025 láti mọ ẹni tí ife líìgì máa bá lọ, tí Bayelsa Queens sì gbé e relé. Asisat Oshoala, tó ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó mọ̀ ọ́n gbá jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹfà, ọmọ Ìkòròdú ni, àwọn tó mọ ìtàn sì mọ̀ pé láti Ṣàgámù ni àwọn tó tẹ Ìkòròdú dó ti ṣí lọ. Bí a bá pè é ní ọmọ wa, a kò ṣàṣejù.

Ẹ wá wo bí ìtàn Oshoala fúnra rẹ̀ ṣe pín sí méjì. Láti ìgbà tó ti tẹsẹ̀ bọ Yúróòpù, kò sí ohun tó ṣe tí kò sí lákọsílẹ̀. A mọ̀ pé òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nínú àṣekágbá Champions League àwọn obìnrin, ní ọdún 2019, nígbà tí Lyon na Barcelona ní 4-1. A mọ̀ pé góòlù 20 ló gbá wọlé ní líìgì Sípéènì ní sáà 2021 sí 2022. Kódà ti Kánádà ní ọdún 2014, níbi ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 20, góòlù 7 ni, ó sì gba bàtà góòlù, ẹ̀bùn ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé jù. Ṣùgbọ́n kó tó lọ sí Liverpool ní ọdún 2015, ó ti gbá fún FC Robo, ó ti gbá fún Rivers Angels. Góòlù mélòó? Lọ́jọ́ wo? Ta ló gbé bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀? Ẹni tí ayé mọ̀ tó báyìí, ìdajì ìtàn rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ nílé ni kò ní ẹ̀rí. Kí wá ni ti ọmọ tí ayé kò tíì mọ̀?

Ó ń dùn wá gidigidi pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ wo alájọ. Bó bá gba owó lọ́wọ́ aláta, kò ní kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ó fa ìlà sí káàdì aláta, kó sì fa òmíràn sínú ìwé tirẹ̀. Bí ìlà kan bá dín, ọjà á gbọ́, àdúgbò á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó ń yan lọ síwájú ọba lọ́jọ́ Òjúde Ọba: kò sí èyí tí kò mọ ẹgbẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀lé e. Àwa tí a mọ ìwé kọ tó báyìí nípa owó àti nípa ipò, a ò gbọdọ̀ fi góòlù ọmọbìnrin wa sílẹ̀ fún ìrántí lásán.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwa nìkan, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe obìnrin bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1921, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba ti pápá mọ́ àwọn obìnrin, àádọ́ta ọdún sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kò yẹ obìnrin. Àmọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1920, ọdún kan péré ṣáájú òfin yẹn, èèyàn tó nǹkan bí 53,000 ló kún pápá Goodison Park láti wo ẹgbẹ́ obìnrin méjì, Dick, Kerr Ladies àti St Helens. A mọ iye yẹn lónìí nítorí pé ẹnì kan kà á, ẹnì kan sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin padà wá béèrè ẹ̀tọ́ wọn, nọ́ńbà yẹn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí fún wọn.

Ẹ tún wo àwọn tó mú un ní pàtàkì. Christine Sinclair ti Kánádà gbá góòlù 190 fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kò sí ọkùnrin tàbí obìnrin tó gbá tó bẹ́ẹ̀ rí, góòlù kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́, ìlú àti alátakò tirẹ̀. Kristine Lilly ti Amẹ́ríkà wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 354. Marta ti Bràsíìlì ní góòlù 17 ní ife àgbáyé, ó fi ọ̀kan ju Klose ará Jámánì tó ga jù láàárín àwọn ọkùnrin nígbà tó kó iye yẹn jọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ ṣí ìwé.

Tiwa ńkọ́? Ẹ béèrè iye ìgbà tí Nàìjíríà ti gba ife Áfíríkà àwọn obìnrin. Ẹnì kan á ní mẹ́wàá, ẹlòmíràn á ní méjìlá, àwọn méjèèjì á sì máa pariwo mọ́ra wọn. Ìdí rẹ̀ rèé: láti ọdún 1998 ni CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ti ń ka ìdíje náà, iye wa láti ìgbà yẹn sì di mẹ́wàá ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025. Lọ́jọ́ náà, Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú kí àwọn ọmọbìnrin wa tó jí. Esther Okoronkwo gbá wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ wọlé, Folashade Ijamilusi dá a padà sí ọ̀mì, Jennifer Echegini sì parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 88. Ní ọdún 1991 àti 1995 ńkọ́? Wọ́n gbá láti ilé dé ilé láti mọ ẹni tó máa ṣojú Áfíríkà ní ife àgbáyé. Nàìjíríà na Kamẹrúùnù ní àkọ́kọ́, ó na Gúúsù Áfíríkà ní èkejì. Mẹ́wàá tí CAF kà tọ́ lójú tiwa, a kò bá wọn jà. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé àwọn tó gbá ti 1991 àti 1995 ti di ohun tí à ń fi ṣe àríyànjiyàn nílé ọtí. Àwọn ló la ọ̀nà tí Nàìjíríà fi wà lára orílẹ̀-èdè méje péré tí kò pa ife àgbáyé obìnrin kankan jẹ láti 1991 dé 2023. Ó yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Ìlíṣàn lè rí orúkọ gbogbo wọn kà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ gan-an tún wà níbẹ̀. Obìnrin ń lọ sílé ọkọ, orúkọ ń yí. Mercy Akide, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tí a mọ̀ ní ọdún 1999 ni Mercy Akide-Udoh tí à ń kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò sọnù. Ọmọ tó gbá ní Ṣàgámù pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, tó wá gbá ní ìlú mìíràn pẹ̀lú orúkọ ọkọ, ìwé á sọ ọ́ di èèyàn méjì tí kò sí èyí tó pé nínú wọn. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, ẹ kọ ti ọkọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ FIFA tí kì í yí padà tẹ̀ lé e.

Àwọn kan á ní kí ni a ó fi nọ́ńbà ṣe nígbà tí ẹlòmíràn kò tíì gba owó oṣù. Owó oṣù ló ṣáájú, a gbà. Ṣùgbọ́n owó wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Òfin FIFA ní bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tó ṣì ní ìwé àdéhùn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Nígbà tí Racheal Kundananji, ọmọ Zambia, kúrò ní Madrid CFF ní Sípéènì lọ sí Bay FC ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2024, ìròyìn ní iye tí wọ́n rà á tó 735,000 yúrò. Ìdá márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 36,750 yúrò. Ẹgbẹ́ tó bá tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 12 títí dé 15 nìkan, 7,350 yúrò ló tọ́ sí i. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ wo iye bàtà àti bọ́ọ̀lù tí yóò rà fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní Òdè Rẹ́mọ. Bí kò bá sì sí ìwé tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ náà forúkọ sílẹ̀ sí, kọ́bọ̀ kò ní wọlé.

Ti ọmọ náà fúnra rẹ̀ tún ń bẹ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà lókè òkun kò mọ Ìkẹ́nẹ́. Ìṣẹ́jú tí ọmọ gbá, góòlù, káàdì àti fọ́rán ló máa béèrè. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tí kò rí ìwé.

Ohun tí à ń béèrè kò ga ju apá lọ. Kí ẹgbẹ́ tó bá gbàlejò yan akọ̀wé kan, kí wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san ti rẹfirí. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú ìwé àti fóònù, kó kọ àwọn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó rọ́pò wọn àti ìṣẹ́jú rẹ̀, ẹni tó gbá a wọlé, ẹni tó gbé e fún un, káàdì, àti iye èrò ìwòran tí wọ́n fi ojú kà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ẹnu dá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì má ṣú kó tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ tọ́jú ẹ̀dà kan, kí ilé ìkàwé yunifásítì Agọ́-Ìwòyè tọ́jú òmíràn, kó má baà jẹ́ pé kíkó ẹrù ló tún máa gbé e lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ àṣekágbá kún ibẹ̀. Ẹ rán wọn lọ bá àwọn ìyá tó gbá bọ́ọ̀lù ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀.

Àwa ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú àṣẹ ìyá aláṣọ Ìjẹ̀bú-Igbó, a ti ya fọ́tò ojú-ewé ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì dá ìwé náà padà fún un lọ́jọ́ kan náà. Méjì tí òjò pa yẹn ló kù. Ẹni tó bá bá a gbá lọ́dún wọ̀nyẹn, tàbí tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá tó ń wò wọ́n, tó lè rántí ìlú tí wọ́n lọ àti ohun tí eré parí sí, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wa ṣí sílẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀.