Camry Big Daddy 2003: ká tú jíà ni àbí ká ra tòkunbọ̀?

Kọ́lá_Akóbọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Camry Big Daddy 2003 ni, ẹ́ńjìnnì 2.4. Láàárọ̀, tí a bá fà á sí D, á dúró tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó gbé. Rífáàsì ní tiẹ̀ ń wọlé lójú ẹsẹ̀. Tó bá wá gbóná, bó bá fẹ́ kúrò ní 2 bọ́ sí 3, ẹ́ńjìnnì á kàn máa ké lásán, kó tó wọlé pẹ̀lú gbàà. Ọ́ìlì jíà ti dúdú, ó sì ń rùn. Mẹkáníìkì kan ní ká lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, èkejì ní ká tú eléyìí ká tún inú ẹ̀ ṣe. Èwo ló dáa?

Ọmọ_Ararọ̀mí: Tòkunbọ̀. Kí lẹ tún ń bèèrè?

Jíà_Nìkan: Ẹ má tíì náwó sí nǹkan kan. D ń pẹ́, rífáàsì ń yá: páǹpù kan náà ló ń fún méjèèjì lọ́ìlì, torí náà ẹ fi páǹpù sílẹ̀. Jíà U241E ló wà nínú mọ́tò yẹn. Kílọ́ọ̀ṣì C1 (àwọn awẹ́ inú jíà tó máa ń di ara wọn mú tí ọ́ìlì bá ti písítìnnì mọ́ wọn) ló ń gbé gbogbo jíà tó ń lọ síwájú, rífáàsì kì í lò ó. Ó jọ pé rọ́bà sílì písítìnnì C1 ti gan. Tó bá tutù, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sá lọ. Tó bá gbóná, rọ́bà á rọ̀, á dí i. Ẹ wọn ọn: ẹ́ńjìnnì gbóná, bíréèkì wà mọ́lẹ̀, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá láti N sí D. Toyota ní kò gbọdọ̀ tó 1.2, N sí R kò gbọdọ̀ tó 1.5. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú kan sinmi láàárín.

Ti 2 sí 3 yàtọ̀. C2 ló ń wọlé níbẹ̀, C2 yìí náà sì ni rífáàsì ń lò. Tó bá ti jóná ni, rífáàsì ì bá ti máa yọ̀. Solenoid (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì) àti valve body (irin tó ń pín ọ́ìlì káàkiri inú jíà) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àǹtí_Sípánà: Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí C1, mi ò gbà lórí C2. Agbára ọ́ìlì nínú rífáàsì ga ju ti D lọ fíìfíì, ó lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán mọ́ra kẹ́ ẹ má mọ̀. Ọ́ìlì tó ń rùn ti sọ̀rọ̀ tán, nǹkan ti jóná níbì kan. Ẹ sọ sọ́ǹpù (abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ jíà) kalẹ̀ kẹ́ ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan. Ege irin tó ń dán, tàbí awẹ́ kílọ́ọ̀ṣì tó ṣí kúrò lára páálí ẹ̀, jíà gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ nìyẹn.

Tọ́pẹ́_Rewire: Sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò) dà? Gbogbo yín ń tú jíà, ẹnikẹ́ni ò tíì ka kóòdù. P0750 àti P0753, solenoid SL1. P0755 àti P0758, SL2. Ẹ fi mítà wọn àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n tutù, ohm 5 sí 5.6 ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Abẹ́ sọ́ǹpù ni valve body wà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá sọ jíà kalẹ̀.

Ọmọ_Ararọ̀mí: Ẹ RA TÒKUNBỌ̀. Ọjọ́ kan péré, ẹ ti ń wa mọ́tò yín lọ. Títú jíà, ọ̀sẹ̀ méjì, kó tún padà wá.

Adé_Houston: Bọ̀dá Ararọ̀mí, kì í ṣe gbogbo mọ́tò tó ń ti jọ́ńkíyáàdì bọ̀ ló kọlu nǹkan. Òmíràn, jíà gan-an ló pa á, òun lẹ wá ń gbé lọ sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá máa rà á, kó fa géèjì ẹ̀ yọ, kó gbóòórùn ọ́ìlì ibẹ̀, kó sì rí i pé ti 2002 sí 2004 ni. Ti 2005 àti 2006 jẹ́ U250E onípele márùn-ún, kò ní bá brain box (kọ̀ǹpútà mọ́tò) yín mu.

Ọmọ_Ararọ̀mí: A mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí Houston máa ṣe ti Houston.

EOD_V6: Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ wọn ọ́ìlì ná. Ẹ wa mọ́tò kó gbóná, ẹ PA ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ yọ géèjì wò láàárín 60 sí 90 ìṣẹ́jú àáyá.

Alhaji_Camry: Irọ́ ni! Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ojú ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa jíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, kẹ́ ẹ tó yọ géèjì. Tẹ́ ẹ bá pa á, ọ́ìlì á padà sínú sọ́ǹpù, géèjì á ní ó kún nígbà tí kò kún.

EOD_V6: Alhaji, ẹ lọ ka ìwé. Ó wà níbẹ̀ gbangba, ẹ́ńjìnnì wà ní pípa.

Alhaji_Camry: Ìwé mọ́tò wo?

EOD_V6: Honda Accord.

Alhaji_Camry: Ta ló bi yín ní Honda? Camry lọkùnrin yìí ní!

EOD_V6: Jíà ni jíà. Ẹni tó bá wọn ọ́ìlì nígbà tí páǹpù ń fà á kiri ò wọn nǹkan kan.

Fúnkẹ́_Surulere: Ẹni tó ń wa End of Discussion (Accord EOD yẹn) ni ò jẹ́ kí àríyànjiyàn parí 😂😂

Délé_Ọ̀yọ́: 😂😂😂 Big Daddy náà ńkọ́, ṣé kò tíì yẹ kó gba owó ìfẹ̀yìntì ni?

Àǹtí_Sípánà: Ẹ̀yin bọ̀dá méjèèjì, kálukú yín ló tọ̀nà lórí mọ́tò tiẹ̀. Toyota, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Honda, ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yìí bá wá.

Alhaji_Camry: Ẹ ṣé, àǹtí. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbà pé òun ṣi Camry wọ̀n.

EOD_V6: Mi ò gba nǹkan kan.

Kọ́lá_Akóbọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, tòkunbọ̀ ni àbí ká tú u?

Sùúrù_Lérè: Ẹ fọ gbogbo ọ́ìlì inú ẹ̀ jáde, ẹ rọ tuntun, á dáa.

Jíà_Nìkan: Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Ọ́ìlì tuntun ò lè dá rọ́bà tó gan padà, kò sì lè so kílọ́ọ̀ṣì tó ti jóná mọ́ páálí. Tẹ́ ẹ bá kàn tú plọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 3.5 ló máa jáde, èyí tó pọ̀ jù á ṣì wà nínú torque converter (èyí tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà) àti inú jíà. Type T-IV ni tiẹ̀, kì í ṣe ọ́ìlì pupa èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún yín.

Délé_Ọ̀yọ́: Camry Pencil Light 2000 ńkọ́, ṣé T-IV náà ni?

Àǹtí_Sípánà: Rárá, Dexron ni. Ẹ rántí pé ilé difarẹ́ńṣà ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú jíà yẹn. Ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ ti jíà, wọn kì í fọwọ́ kan ìyẹn, difarẹ́ńṣà á wá gbẹ.

Kọ́lá, tẹ́ ẹ bá máa tú u, àwọn ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú T-IV fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán kí wọ́n tó tò ó. Èyí tí wọ́n bá tò ní gbígbẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ títì ló máa jó. Gbogbo rọ́bà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kì í ṣe ti C1 nìkan. Kí wọ́n fi fílà géèjì wọn àlàfo kílọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá fẹ̀ jù, wọ́n á fi páálí irin tó nípọn díẹ̀ sí i. Kí wọ́n tó dé e, kí wọ́n fi kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò ọ́ìlì C1, bíi psi 40. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "gbì" tí písítìnnì bá dìde. Tó bá jẹ́ "ṣìììì" lẹ gbọ́, sílì ti ká kò, ẹ tú u padà.

Kúlà inú rédíétọ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbin jíà àtijọ́ wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá fọ̀ ọ́, á ṣàn padà sínú iṣẹ́ tuntun. Torque converter náà bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi sí i, kí wọ́n máa yí i títí yóò fi wọlé tán sórí páǹpù. Ẹni tó bá fi bóòlù fa jíà mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí kò tíì wọlé, á fọ́ páǹpù kí mọ́tò tó ṣiṣẹ́ rárá.

Ọmọ_Ararọ̀mí: Ṣé ẹ rí gbogbo wàhálà yìí? TÒ-KUN-BỌ̀.

Àǹtí_Sípánà: Tòkunbọ̀ náà ti ju ogún ọdún lọ, bọ̀dá mi. Rọ́bà inú ẹ̀ bá ti Kọ́lá dọ́gba lọ́jọ́ orí.

EOD_V6: Toyota lẹ ń yìn látàárọ̀. RAV4 2001 sí 2003, brain box ló ń jẹ́ kí jíà máa gbá. Àìmọye èèyàn ló pààrọ̀ jíà tí ò ní àrùn.

Alhaji_Camry: Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ní 2004, Honda fúnra wọn pe mọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà, torí jíà kejì tó ń gbóná jù. Accord V6 yín wà níbẹ̀.

EOD_V6: Wọ́n pè é, wọ́n ṣe ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì á máa gbà tú sí i lára. Ó parí.

Alhaji_Camry: Kò parí. Ẹ wọn ọ́ìlì Camry pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, ẹ ní ó parí.

Tọ́pẹ́_Rewire: Kóòdù dà? Kọ́lá, ẹ ti ka kóòdù?

Mama_Tíamíyù: Ẹ jọ̀ọ́, Altima 2009 ni tèmi, ó ń dún wuuu tó bá ń sáré. Ṣé mo lè rọ T-IV tí ẹ ń sọ yẹn sí i?

Jíà_Nìkan: Rárá o, ìyá wa! CVT (jíà tí kò ní ìpele) ni tiyín, béèlítì irin ló wà nínú ẹ̀. NS-2 nìkan ló ń lò. T-IV á jẹ́ kí béèlítì máa yọ̀ lórí irin, á sì ha irin náà. Tó bá ti ń dún wuuu, ẹ tètè gbé e lọ kí wọ́n wo bẹ́rìn-ín ẹ̀, ẹ má wà á lọ sọ́nà jíjìn.

Alhaji_Camry: Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì Nissan yẹn, kí ẹnì kan gbọ́.

EOD_V6: Nissan kì í ṣe Honda.