Kíkọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe kíkọ́ ọ ní ìwà ìkà

Arákùnrin kan ní Àkúrẹ́ sọ pé òfin ti ka iṣẹ́ ọdẹ léèwọ̀ pátápátá ní Nàìjíríà, àti pé bàbá tí ó bá mú ọmọ rẹ̀ wọ igbó, ìwà ìkà ló ń kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1985 dárúkọ àwọn ẹranko tí ó fẹ́ parẹ́ tí a kò gbọdọ̀ pa tàbí tà, irú bí erin àti ìnàkí; ọ̀yà àti òkété, tí ó ń ba oko àwọn àgbẹ̀ wa jẹ́, kò sí lára wọn. (Igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, ní ìlànà tirẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó wọ̀ ọ́.)

Ní ti ìwà ìkà, ọmọ ọdẹ ni èmi fúnra mi. Fún bí ọdún méjì tí mo fi tẹ̀lé bàbá mi lọ sí igbó lọ́nà Ìdànrè, n kò fọwọ́ kan ìbọn rí. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń dá ipa ẹsẹ̀ etu mọ̀, bí a ṣe ń dúró níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn wa lọ bá ẹranko, orúkọ igi, àti ìjálá, tí n kò mọ̀ ọ́n sun dáadáa títí di òní. Wọn kì í yìnbọn sí ohun tí ojú wọn kò rí kedere, bí wọ́n bá sì dá abo tí ó lóyún mọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Alẹ́ tí a padà sílé lọ́wọ́ òfo pọ̀ ju èyí tí a rí ẹran pa lọ, bàbá mi kò sì bínú sí i rí.