Àtúnṣe: Kì í ṣe prógíráàmù ló ń ka Ctrl+C
Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ní Àjàṣẹ́ ń pín in kiri lórí WhatsApp pé prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ka Ctrl+C fúnra rẹ̀, tó sì ń dá ara rẹ̀ dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Báìtì kan ṣoṣo, tí iye rẹ̀ jẹ́ 3, ni bọ́tìnnì méjèèjì ń mú wá tí a bá tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìpele tty (apá tó ń bójú tó tẹ́mínà, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ) inú kernel, ìyẹn ọkàn Linux, tó wà láàárín dráífà (tó ń gba ohun tí a tẹ̀ wọlé) àti prógíráàmù, ló ń gbà á, tí yóò sì fi àmì SIGINT (tó ń sọ pé kí iṣẹ́ dúró) ránṣẹ́ sí gbogbo prógíráàmù tó wà níwájú, ìyẹn àwọn tó ń lo tẹ́mínà náà lọ́wọ́, láìjẹ́ kí báìtì ọ̀hún dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó tẹ àṣẹ stty -isig, tó ń pa fífi àmì ránṣẹ́ yìí, nínú bash (prógíráàmù tó ń gba àṣẹ), kó wá ṣí cat, tó kàn ń tún ohun tí a bá tẹ̀ kọ jáde: ^C yóò kàn hàn bíi lẹ́tà lásán, cat kò sì ní dúró. Kó tẹ Enter, lẹ́yìn náà Ctrl+D (tó ń sọ fún cat pé ọ̀rọ̀ ti parí), kó lè jáde.