Òfin Ti Wà, Koríko Ńkọ́?

Ẹ dúró lórí afárá odò Àlá ní Àkúrẹ́ nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti gba ìlú kan. Èèsún etí omi ga ju èèyàn lọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ẹ wá gbójú sókè díẹ̀: ẹ̀kan tó wà lórí òkè ti gbẹ, ó ń dún ṣàràṣàrà bíi bébà. Oòrùn kan náà ló ń pa àwọn méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ló ní omi, òun náà ló sì gba ọ̀rá tí àgbàrá wọ́ kúrò lókè.

Ní 2021, lẹ́yìn ìpàdé àwọn gómìnà Gúúsù ní Asaba, Gómìnà Rótìmí Akérédolú buwọ́ lu òfin tó ka dída ẹran jẹ̀ kiri léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. A fara mọ́ ọn. Àgbẹ̀ tí màlúù ti jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán lóru ọjọ́ kan kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n màlúù kì í jẹ òfin. Ẹni tó ní kó dúró lójú kan, kó gbé koríko wá bá a níbẹ̀, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn kan ń sọ pé koríko kò gba ìtọ́jú, pé fúnra rẹ̀ ló ń hù. Ó ń hù lóòótọ́. Ẹ̀kan náà ń hù, ẹ bi màlúù bóyá ó dùn lẹ́nu tó bá ti gbó. Ní pápá koríko Kansas, ní Amẹ́ríkà, gbòǹgbò a máa wọlẹ̀ ju ìdúró èèyàn lọ, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ rí i pé omi àti náítírójìn, oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú ewé dúdú, ló jọ ń pinnu bí koríko yóò ṣe pọ̀ tó. Ajílẹ̀ tí a dà sórí ilẹ̀ gbígbẹ, gbòǹgbò kò rí i mu. Omi lórí ilẹ̀ tó ti ṣá náà kò gbé koríko débì kan. Àpọ̀jù tún ńkọ́? Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní England, wọ́n ti ń dán ajílẹ̀ wò lórí pápá kan láti 1856. Ibi tí wọn kò fi nǹkan kan sí ní oríṣi ewéko tó lé ní 30. Níbi tí wọ́n ti ń da irú ajílẹ̀ oní-náítírójìn kan lọ́dọọdún láìfi ẹfun tún un ṣe, ilẹ̀ ti kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, kí ìjọba má pín ajílẹ̀ bí ìrẹsì ọdún. Kí wọ́n ké sí àwọn onímọ̀ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò ná. Kí wọ́n gbin èèsún sí àkùrọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀wà là á láàárín, nítorí gbòǹgbò ẹ̀wà ń dá náítírójìn padà fún ilẹ̀. Kí wọ́n gé e lásìkò òjò, kí wọ́n sá a, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n sì kó ẹlẹ́bọ́tọ odò ẹran lọ sóko dípò gọ́tà. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wo ibi tí agbo màlúù sùn sí: tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, koríko ibẹ̀ a dúdú minimini láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Igi èèsún ni wọ́n ń gé gbìn, bíi ti ìrèké, oṣù Kẹta sì ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀. A ó ṣí ìwé ètò ìṣúná, a ó wá owó rẹ̀ níbẹ̀.