Lílé níṣẹ́ nìkan kò tó

Àwọn kan ń bèèrè pé, nígbà tí iléeṣẹ́ áńbúláǹsì ti lé paramedic kan, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn pàjáwìrì, níṣẹ́ ní England, kí ni HCPC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn paramedic sílẹ̀ ní UK, tún ń pè é lẹ́jọ́ fún? Ẹ̀yin ará, ohun tó kù pọ̀ o. Ẹni tí wọ́n lé ní London lónìí lè gba iṣẹ́ ní Manchester lọ́la. Àmọ́ tí HCPC bá ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn, òfin kò gbà á láyè láti pe ara rẹ̀ ní paramedic níbikíbi ní UK mọ́. Ó di lẹ́yìn ọdún 5 kó tó lè bẹ̀bẹ̀ láti padà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tí wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ áńbúláǹsì pẹ̀lú paramedic, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní emergency care assistant àti technician. Wọ́n ń wọ yàrá aláìsàn lóru, wọ́n ń gbé e, síbẹ̀ orúkọ wọn kò sí nínú ìwé HCPC rárá. Tí wọ́n bá lé wọn níṣẹ́, wọ́n ṣì lè gba irú iṣẹ́ náà níbòmíràn, àfi bí ẹ̀ṣẹ̀ wọn bá wúwo débi pé DBS, àjọ ìjọba tó lè ka iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn léèwọ̀ fún ènìyàn, fòfin dè wọ́n. Ìyá mi arúgbó ni irú wọn ń wá gbé. Ẹ jẹ́ kí ìjọba fi orúkọ tiwọn náà síbi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.